Ìkéde Tó Jáde Láti Kíṣìnì

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń gun àtẹ̀gùn ilé wa nírọ̀lẹ́, tó ń fi ọwọ́ kan ti ògiri, tó ń dúró mí ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yí, Alágbàfọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó dàgbà. Èmi ni mo dàgbà, mo sì máa ń kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ilé ìtura ńlá tó wà lójú títì ló ti ń lọ aṣọ, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ìnura, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, níwájú ẹ̀rọ kan tó ń tú ooru sí i lójú. Ó sọ fún mi pé òun ò lè sùn sórí aṣọ tí wọ́n bá lọ̀ mọ́, pé bí òun bá ti fojú kan ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, ọwọ́ òun á bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ rí wúruwùru bí ibi tí adìyẹ sùn sí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yẹ̀yẹ́ náà fi sú èmi fúnra mi.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Télọ̀. Inú yàrá mi ni máṣínnì mi wà, ògiri kan ló sì pààlà èmi àti yàrá bàbá Alágbàfọ̀. Kíṣìnì kan ṣoṣo tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa jọ ń lò. Bí ẹnìkan bá húkọ́ nílé wa, ẹlòmíràn ló máa sọ pé "pẹ̀lẹ́". Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí Alágbàfọ̀ bá wà níbi iṣẹ́, etí mi kan wà lára máṣínnì, èkejì wà lára ògiri. Kò sí ẹni tó yàn mí síṣẹ́ yẹn. Mo kàn bá ara mi nídìí rẹ̀ ni.

Bàbá Onígbàjámọ̀ la ń pe bàbá rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé yìí kan náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù náà ni rédíò rẹ̀ máa ń wà, rédíò onígi tó rí bí àpótí, tó ní kókó méjì tí wọ́n ń yí. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ mọ òfin ibẹ̀: bí wọ́n bá ń kéde lórí rédíò, abẹ á dúró, ẹnu á sì dákẹ́. Bí wọ́n bá kéde pé omi ò ní yọ, Bàbá á pọn omi sínú gbogbo ohun tó ní inú nílé, títí kan kọ́ọ̀pù. Bí wọ́n bá kéde pé ọmọ kan sọnù, á jáde síta tòun ti abẹ lọ́wọ́, á máa wo ojú gbogbo ọmọ tó ń kọjá, oníbàárà á sì jókòó sínú ilé pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n. Bí iyàn bá le, ohun tó fi ń pa á ni pé, "Rédíò ti sọ ọ́." Ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ fèsì. Ká ní rédíò ní kó dìde lójú oorun kó lọ fá orí ògiri, á kàn bi wọ́n pé ògiri wo ni.

Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko. Lónìí á dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, á pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ. Lọ́la á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, á ní, "Ọlọ́run á san án fún yín, ìyá. Ọmọ mi á dé láìpẹ́." Rédíò yẹn nìkan ni kò gbàgbé. Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà tó ń gbé orin àtijọ́ jáde láti àárọ̀ di alẹ́, ojú ibẹ̀ ni Bàbá sì fi ọwọ́ rédíò náà sí láti ọdún gbọọrọ. Bí orin bá ti ń lọ, á jókòó, á máa fi ìka lu orúnkún, á sì jẹun bí a bá gbé e fún un.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà kógbá sílé. A ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kógbá sílé, a kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí rédíò ò sọ nǹkan mìíràn ju ṣààà lọ. Alágbàfọ̀ yí kókó lọ yí i bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń pariwo ni, wọ́n ń polówó oògùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Bàbá ní kó dá a padà síbi tó wà. Ó jókòó ti ṣààà náà títí di ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó bá àtẹ̀gùn lọ, pé òun ń lọ bi àwọn èèyàn náà bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. A wá a títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti rí i, ó ń bi gbogbo awakọ̀ pé èwo nínú wọn ló ń lọ sílé rédíò.

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò Alágbàfọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí nìyẹn, ọmọ ọ́fíìsì ni, ó ní ọkọ̀, kọ́là rẹ̀ máa ń funfun. Òpin kejì ìlú ló ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ nínú ilé tí kò fẹ̀. Kì í ṣe èèyàn búburú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń pe fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ fóònù kì í wẹ̀ fún àgbàlagbà, kì í sì í fọ ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bí ọmọ bá jẹ́ méjì, èwo ló máa fún un lọ́mú.

Oníwáyà, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Alágbàfọ̀ gbé rédíò náà lọ bá a, ó ní ó ti bàjẹ́. Oníwáyà tú u, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Ara rédíò yìí le ju ara èmi àti ẹ̀yin lọ. Àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló kú." Ló bá mú ẹ̀rọ pélébé kan jáde, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní kí wọ́n máa kì í bọ ihò tí wọ́n ń ki okùn ìgbọ́rọ̀ bọ̀ lára fóònù Alágbàfọ̀. Ohunkóhun tí fóònù bá ń kọ, ẹ̀rọ náà á jù ú sínú afẹ́fẹ́ láìsí wáyà, rédíò tó bá wà nítòsí á sì mú un bí ìgbà tó ń mú ohùn ilé iṣẹ́ rédíò gidi. Ó fi í sí ojú ibi tí àwọn tó kógbá sílé yẹn wà gan-an, kí Bàbá má bàa ní ìdí láti yí kókó kankan. Ó kó orin àtijọ́ sínú fóònù náà títí fóònù fi ní òun ò gbà mọ́. Ó wá kìlọ̀ pé, "Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, ẹ̀yin ò ní gbọ́ ẹni tó pè, rédíò ló máa gbọ́ ọ."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí orin àkọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí ìlù wọlé, Bàbá ṣí fìlà. Ó wo rédíò, ó wo èmi, ó ní, "Wọ́n ti dé." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tèmi náà kò gbẹ, mo kàn ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ni.

Bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bẹ́ẹ̀ ni kíṣìnì wa ṣe di ilé iṣẹ́ rédíò. Níbi iṣẹ́ Alágbàfọ̀, wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé, nítorí náà orí kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tòun ti ṣájà, á máa kọrin fún ẹni tí kò rí i. Orin náà kò dúró sí yàrá Bàbá nìkan. Rédíò tèmi ń mú un. Tíṣà tó ń gbé ìsàlẹ̀ náà ń mú un. Ó tiẹ̀ gun òkè wá bi mí pé ilé iṣẹ́ rédíò wo ló ń kọrin báyìí láì polówó, pé òun fẹ́ fi orin kí ìyá ìyàwó òun. Mo ní mi ò mọ̀. Bí ìpè bá wọlé lọ́sàn-án tí a ò sí ní kíṣìnì, agogo fóònù á dún gbàgàgbàgà lórí rédíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá á sì yí aago ọwọ́ rẹ̀, pé aago ti lù.

Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kì í wẹ̀ fún èèyàn bákan náà. Alágbàfọ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ Bàbá, á fún un lóúnjẹ, á fọ aṣọ rẹ̀, á lọ́ ọ gbẹ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti fi lọ aṣọ láti àárọ̀. Bàbá á jí lóru, á ní òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Alágbàfọ̀ náà á jí. Ara kì í ṣe òkúta. Mo rí i tó ń sùn lórí ìdúró nídìí ìkòkò, tí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì gbọ́ ìró ṣíbí. Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ pè, Alágbàfọ̀ sì sunkún sí fóònù, ó ní, "Ó ti sú mi. Mi ò lè ṣe é mọ́. Ó ti sú mi." Mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. Mo fẹ́ lọ dì í mú, àmọ́ ó ti rẹ èmi náà, mo sì jókòó sí àyè mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn kan kò wá síbi iṣẹ́, òun ló sì lọ aṣọ tiwọn mọ́ tirẹ̀. Ó dé, kò bọ́ bàtà, ó lọ tààrà sí kíṣìnì, ó gbé omi kaná, ó ṣí ẹ̀rọ omi sórí abọ́ àná. Orin ń lọ. Ni ìpè bá wọlé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rántí pé ó yẹ kí òun yọ ẹ̀rọ pélébé náà, pé òun tiẹ̀ na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ òun tó débẹ̀, òun ti gbàgbé ohun tí òun nawọ́ fún. Ẹni tí kò bá rẹ̀ rí ni kó bú u.

Èmi wà nídìí máṣínnì, mo ń rán etí aṣọ ilé-ìwé. Orin já lórí rédíò mi. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan sọ gbangba nínú yàrá mi pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n? Èmi ń gbọ́ yín o. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ mi ni?"

Àbúrò rẹ̀ ni. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kan ti sùn lábẹ́ máṣínnì. Alágbàfọ̀ ní kíṣìnì ń pariwo "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò? Mi ò gbọ́ ẹ!" lórí ariwo omi. Ọmọkùnrin yẹn rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa, ó sì ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, ó gbé ohùn sókè.

"Mo ní wọ́n ti fún wa láàyè! Fún Bàbá! Ní ilé ìtọ́jú! Lọ́la ni! Kí Bàbá ti palẹ̀ mọ́, mo ń gbé ọkọ̀ bọ̀ láàárọ̀! Ẹ má sunkún mọ́! Ẹ̀yin náà lẹ ní ó ti sú yín!"

Mo wọ́ ẹsẹ̀ dé kíṣìnì, mo fa ẹ̀rọ náà yọ bí ẹni fa ẹ̀gún. Alágbàfọ̀ ń wò mí pẹ̀lú fóònù létí.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?" ó bi mí.

"Àbúrò rẹ wà lórí rédíò," mo ní.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí bọ́ sílẹ̀ ní yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà ti yọ orí síta lójú fèrèsé ìsàlẹ̀, ó ń kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ta ni wọ́n ń gbé lọ?" Mo ní kó wọlé lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

A lọ wo Bàbá. Ó jókòó síwájú rédíò tó ń ṣe ṣààà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún. "Wọ́n ti parí ìkéde," ló sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dá orin padà. Ó jẹun. Ó fi ìka lu orúnkún. A wo ara wa, a ní bóyá kò yé e. A fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ti rẹ̀ wá. Alágbàfọ̀ pe àbúrò rẹ̀ padà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, pé ààyè náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Kó di ọ̀la ná," ló ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ti wọṣọ. Ó fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́, bọ́tìnnì kan fo ihò kan, àmọ́ ó wọ̀ ọ́. Ó ti wọ bàtà tó fi sin ìyàwó rẹ̀, ó so ó. Àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, abẹ, kọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ìnura tó wé. Ó jókòó sórí àga bí oníbàárà tó ń retí kó kàn án.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" Alágbàfọ̀ bi í.

"Wọ́n kéde mi," ló ní. "Ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní mo ti sú wọn." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Alágbàfọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ̀lé e. Ó fara ti ògiri. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "nígbà tí mo rí àpò yẹn, inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo máa sùn lónìí."

Èmi náà ti rò ó, pé ògiri á dákẹ́, pé mo máa rán aṣọ mi pẹ̀lú etí méjèèjì. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa bá a wí nínú ilé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bá a wí, kó ní kó wá bá mi.

Ló bá nu ojú, ó padà wọlé láti bá Bàbá tún bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá jẹ́ kó ṣe é tán, ó dúpẹ́, ó wá tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan. Ọmọ mi obìnrin á ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́. Bí kò bá bá mi nílé, á máa wá mi kiri, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé rédíò ló pè mí. Kó má wá mi. Kó jẹun, kó sùn."

Alágbàfọ̀ kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára bọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ó dìde, ó kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ bá mi jókòó tì í," ó sì gba ọ̀nà kíṣìnì lọ. Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rí i tó gbé fóònù sẹ́nu, tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀, tó pa á rẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀.

Orin já. Rédíò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀:

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ wa." Ó ń gbìyànjú láti ṣe ohùn bí àwọn oníròyìn. "Àtúnṣe rèé sí ìkéde tó jáde nírọ̀lẹ́ àná. Bàbá Onígbàjámọ̀ tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lọ síbì kankan. A tún un sọ, kò lọ síbì kankan. Àṣìsọ ni ti àná. Kí Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀." Ibẹ̀ ni ohùn oníròyìn tán lọ́fun rẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kò sú òun. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Kí Bàbá jókòó sílé rẹ̀. Ẹ má bínú. Ó tán."

Orin padà dé. Bàbá kò mira. Ó fọkàn sí i bí ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà kan, ó bọ́ ọ. Mo gbọ́ ìró bàtà mìíràn lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí kò mọ àtẹ̀gùn wa dáadáa. Àbúrò Alágbàfọ̀ wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí wa.

"Bàbá, ṣé ẹ ti múra tán? Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀."

Bàbá fi ọwọ́ hàn án ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ó ti máa ń fi àyè han oníbàárà. "Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ẹ ò gbọ́ rédíò ni? Wọ́n ti ṣàtúnṣe. Mi ò lọ mọ́."

Ọmọkùnrin náà wò mí. "Ìyá Télọ̀, kí ni Bàbá ń sọ?"

"Ohun tí rédíò sọ ni," mo ní. Mo mọ̀ pé kò dáa tó, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n obìnrin tó kéde yẹn," Bàbá ní, bàtà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń wọ́ nílẹ̀? Orí tí mo fá pọ̀. Bí ẹnìkan bá ti kí mi káàárọ̀, mo ti mọ̀ bóyá ó sùn. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yẹn ti sùn kẹ́yìn." Ó mi orí. "Kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ báyẹn? Ṣé kò lẹ́nì kan ni?"

Alágbàfọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti fóònù lọ́wọ́, kò wọlé. Àbúrò rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu mi ni wọ́n ń bú nílé wa.

"Ó lẹ́nì kan, Bàbá," mo ní. "Ó ní àbúrò. Àbúrò ọkùnrin."

Bàbá rò ó. Ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀, ó wo rédíò, ó wá gbé ojú sókè sí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àánú, bí ẹni tó fẹ́ bá àlejò kẹ́dùn.

"Háà," ó ní. "Ṣé ó ti kú ni?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi láti dáhùn.

"Rárá, Bàbá," ọmọkùnrin náà ní. "Kò tíì kú."

"Ibo ló wá wà?"

Ọmọkùnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà kejì Bàbá.